Ẹsẹ tí a kà láàárọ̀, báwo la ṣe ń gbé e dé ìdí ọjà?

Onígàrí_Tàkíé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Òwe 11:1 ni kíkà wa láàárọ̀ yìí: "Ìwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n òtítọ́ ni dídùn-inú rẹ̀." A ti kà á, a ti gbàdúrà, a ti ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n tí ọjà Tàkíé bá fi gbóná báyìí, ẹsẹ náà ti fò lọ lórí. Wọ́n á ní ká ṣe àṣàrò. Ó dáa, kí ni èèyàn ń ṣe gan-an tó bá ń ṣe àṣàrò? Ẹnu ni àbí ọkàn? Ìṣẹ́jú mélòó? Báwo sì ni ọ̀rọ̀ inú ìwé Òwe ṣe ń di ohun tí ẹni tó ń wọn gàrí máa fi ọwọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á sí wẹ́wẹ́ fún mi.

Olùkọ́_Ọjọ́Ìsinmi

Màmá, ẹ kú ìbéèrè. Ẹnu ni, ọkàn ni, ṣùgbọ́n ẹnu ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí àṣàrò nínú Jóṣúà 1:8 àti Sáàmù 1:2 jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn. Òun náà ni Àìsáyà 31:4 lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, òun ni Àìsáyà 38:14 sì lò fún igbe ẹyẹ àdàbà. Ẹ wo Jóṣúà 1:8 dáadáa: ìwé òfin náà kò gbọdọ̀ kúrò ní *ẹnu* rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àṣàrò ń sọ ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́ sí etí ara rẹ̀, ó ń dá a padà sẹ́nu bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹni tó bá fi ojú kà á lẹ́ẹ̀kan tó sì dijú, oorun ló máa ń bá ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀. Ìpínrọ̀ kan péré ni kí ẹ mú, tó ní nǹkan bí ẹsẹ mẹ́fà sí mẹ́wàá, kì í ṣe orí méjì. Ìwé Òwe láti orí 10 lọ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń dá dúró níbẹ̀. Ẹsẹ kan ti tó, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ mìíràn tó sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ti òṣùwọ̀n yìí, Diutarónómì 25:13-16, Léfítíkù 19:35-36 àti Ámósì 8:5 ni kí ẹ kà mọ́ ọn.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ohùn tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n *èké*: irọ́ ni ọwọ́ ń pa nígbà tí ẹnu kò sọ̀rọ̀. *Ìríra*: kì í ṣe àṣìṣe kékeré lójú ẹni tó ń wò ó. *Lójú Olúwa*: ẹ dúró níbí. Oníbàárà kì í rí ìdí kóńgò, ojú gàrí tó gòkè ló ń wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí ìdí rẹ̀.

Ẹ wá bi ẹsẹ náà ní ìbéèrè kí ẹ tó bi ara yín. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Òkúta ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nígbà náà, inú àpò ni wọ́n sì ń kó o sí. Diutarónómì 25:13 bá ẹni tó ní òkúta méjì nínú àpò kan ṣoṣo wí, ńlá àti kékeré. Ńlá ló fi ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kékeré ló fi ń tà fún ará ìlú. Tí èyí bá ti yé yín, ẹ ò ní wá ìtumọ̀ jìnnà. Òkúta méjì ti di kóńgò méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo. Ìlà náà gbọ́dọ̀ ní ẹni, ibi àti àkókò. "N óo máa ṣòótọ́" kò tó ìlà, nítorí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lálẹ́ bóyá ẹ ṣe é. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Lọ́la, kí n tó tú àpò àkọ́kọ́, n óo fi omi wọn kóńgò tí mo fi ń rà àti èyí tí mo fi ń tà."

Omi ló rọrùn jù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bu omi kún kóńgò ìràjà títí dé ẹnu, kí ẹ dà á sínú ti ìtajà. Tí omi bá ṣẹ́kù, ìyẹn ni ohun tí oníbàárà ń pàdánù. Tí ìdí rẹ̀ bá ti wọnú nítorí pé wọ́n fi òòlù lù ú, ẹ máa rí i. Tí wọ́n bá da àbẹ́là yíyọ́ sí i, ẹ fi èékánná họ ìdí rẹ̀.

Àdúrà ló kù. Inú ẹsẹ náà gan-an ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde:

"Olúwa, o rí ìdí kóńgò tí oníbàárà kò rí. Mo jẹ́wọ́ pé èyí tí mo fi ń rà tóbi ju èyí tí mo fi ń tà. Dárí jì mí nítorí Jésù. Fún mi ní oúnjẹ òòjọ́ mi, kí n má ṣe bù ú nínú oúnjẹ ẹlòmíràn. Lọ́la, kí n tó tú àpò, fún mi ní ìgboyà láti wọn méjèèjì."

Ìyìn wà níbẹ̀, ìjẹ́wọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì pé ìṣẹ́jú kan. Lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta: ṣé mo ṣe é? Tí n kò bá ṣe é, kí ló dí mi lọ́wọ́? Ẹ má ṣe mú ẹsẹ tuntun lọ́jọ́ kejì tí ìlà àná kò bá tíì di ṣíṣe. Ìlà kan náà ni kí ẹ gbé dé ọjọ́ kẹta. Tí kò bá tún ṣeé ṣe lọ́jọ́ kẹta, ó tóbi jù, ẹ gé e kéré.

Katikísì_Ọ̀yọ́

Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fẹ́ fi kan kún un láti ọ̀dọ̀ àwa Kátólíìkì. Ní ọ̀rúndún kejìlá ni Guigo, ọ̀gá ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Faransé, ti to ọ̀nà yìí bí àkàsọ̀ onípele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti dídúró jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ìpele kẹrin ni àwọn èèyàn ń fò. Bí a bá ti ṣe Àmín báyìí, a ti dìde. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ tí ẹ ò ní tọrọ nǹkan kan. Kò sí ohun tí ẹ máa rò. Tí èrò ọjà bá wọlé, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹsẹ náà, bí "lójú Olúwa", kí ẹ mí sínú, kí ẹ mí síta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ egungun.

Onígàrí_Tàkíé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Òkúta méjì yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò tíì dé. Tí gbogbo àwa onígàrí tó wà lórí ìlà kan náà lọ́jà bá ń lo kóńgò tí wọ́n lù nídìí, ẹni tó bá nìkan yí tirẹ̀ padà, gàrí rẹ̀ á dà bí èyí tó wọ́n jù. Oníbàárà á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Kí ni kí ẹni náà ṣe?

Olùkọ́_Ọjọ́Ìsinmi

Òótọ́ ni, màmá, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lè le. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kóńgò tí wọ́n lù fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, wọ́n sì ń tà á ní ₦900. Kóńgò tó pé á jẹ́ ₦1,000 kí owó tó dọ́gba. Ẹni tó ń tà á ní ₦1,000 kò gbówó lé ọjà rárá. Iye gàrí tí owó kan náà ń rà kò yí padà. Ṣùgbọ́n etí oníbàárà, ẹgbẹ̀rún kan ló gbọ́.

Nítorí náà, ojú ni kí ẹ fi hàn án. Ẹ gbé kóńgò náà dojú dé níwájú rẹ̀ kí ẹ tó wọn, kó rí i pé ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má fi ọwọ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá ń bù. Kí èènì jẹ́ èènì gidi, lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n ti pé, kó má jẹ́ pé òun lẹ fi ń dí ohun tó dín. Èènì orí òṣùwọ̀n èké kò sọ òṣùwọ̀n náà di òtítọ́, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tan ara wa jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo kóńgò yẹn fún ọdún púpọ̀, ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù 19:8. Àwọn tó rẹ́ jẹ, ó ní òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó sì fi ìdajì ẹrù rẹ̀ fún tálákà. Oníbàárà tí ẹ mọ̀, ẹ bù kún tirẹ̀ kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ ò lè rí mọ́, tálákà ni kó gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́_LAUTECH

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti òṣùwọ̀n yé mi, nítorí àṣẹ ni. Ìlérí ńkọ́? Jeremáyà 29:11 ni ọ̀pọ̀ wa lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá, pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí wa. A ń fi gbàdúrà nípa ìdánwò, nípa iṣẹ́, nípa ìwé ìrìnnà. Ṣé a ń lò ó dáadáa?

Ará_Akẹ̀sán

Àbúrò, ẹ ka lẹ́tà náà láti ẹsẹ 1. Lẹ́tà ni, Jeremáyà ló kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì pẹ̀lú ọba Jekoníà ní ọdún 597 ṣáájú Kristi. Ní orí 28, wòlíì kan, Hananíà, ti sọ fún àwọn èèyàn pé láàárín ọdún méjì gbogbo rẹ̀ á tán. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Jeremáyà ní rárá, ẹsẹ 10, àádọ́rin ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn ni kò ní padà sílé láéláé. Ìlérí ẹsẹ 11 wà fún gbogbo ìjọ ènìyàn náà, inú ìdúró gígùn ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó yẹ kó wà lára ògiri yàrá náà pẹ̀lú ni ẹsẹ 5 sí 7: ẹ kọ́ ilé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo mú kí a kó yín lọ, kí ẹ sì gbàdúrà fún un. Èyí ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ọjọ́ tó máa fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lè kọ ìlà rẹ̀ báyìí: "Ní Sátidé yìí, aago méje àárọ̀, èmi àti ará yàrá mi á kó ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú ilé." Àdúrà rẹ̀: "Olúwa, mo fẹ́ kí ó tètè tán. Ìwọ mọ iye ọdún rẹ̀. Kọ́ mi láti gbin nǹkan síbi tí mo wà."

Nọ́ọ̀sì_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí ọmọ rẹ̀ sì ka Jeremáyà 29:11 sí i létí, ṣé a óo ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìtàn Bábílónì? Róòmù 15:4 sọ pé ohunkóhun tí a ti kọ tẹ́lẹ̀, fún kíkọ́ wa ni a kọ ọ́, kí a lè ní ìrètí nípa sùúrù àti ìtùnú ìwé mímọ́. Ìtùnú náà wà fún àwa pẹ̀lú.

Ará_Akẹ̀sán

Ẹ ṣeun, àǹtí mi, ẹ ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ẹ má gba ìtùnú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí a máa yà sọ́tọ̀ nínú ìlérí. Kí ló sọ nípa Ọlọ́run, tí kì í yí padà? Pé kò gbàgbé àwọn tirẹ̀ nínú ìgbèkùn. Ìyẹn jẹ́ ti aláìsàn náà pátápátá, lónìí. Kí ló jẹ́ tiwọn nìkan? Àádọ́rin ọdún, àti ìpadàbọ̀ sí Jerúsálẹ́mù. Kí ló dé ọ̀dọ̀ wa nípasẹ̀ Kristi? Ìrètí tí ikú kò lè gbà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí a sọ fún aláìsàn pé ẹsẹ náà ti ṣèlérí pé á dìde ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí Mọ́ńdè bá kọjá, Ọlọ́run ni yóò máa rò pé ó parọ́, bẹ́ẹ̀ àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ọ̀kan náà ni ti Fílípì 4:13, "Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi." Ẹ ka ẹsẹ 11 àti 12 mọ́ ọn. Ẹlẹ́wọ̀n ló ń kọ̀wé, "ohun gbogbo" tó ń wí sì ni kí ó yó àti kí ebi pa á, kí ó ní púpọ̀ àti kí ó ṣe aláìní. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò tíì pé lè fi gbàdúrà láàárọ̀, kó sì lọ bá onílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó sọ iye tó wà lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ìyókù á dé. Agbára tí ẹsẹ náà ń wí ló máa fi sọ òótọ́ yẹn láìsá fún un.

Nọ́ọ̀sì_Ògbómọ̀ṣọ́

A ti jọ wà lójú kan náà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ẹ̀mí ń bá a lọ. Àìsáyà 53:5, "nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá", ń mú kí àwọn kan dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ẹni tó dá oògùn dúró lè rò pé ara òun ti yá, títí rọpárọsẹ̀ á fi kọlù ú. Inú ìwé Àìsáyà kan náà, ní 38:21, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Hesekáyà, wòlíì náà tún ní kí wọ́n mú ìdì ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ìlérí àti ìtọ́jú jọ rìn. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótì pé kó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, 1 Tímótì 5:23. Níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1907 ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwàásù àti ìtọ́jú aláìsàn ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìlà tí aláìsàn lè kọ: "Aago mẹ́jọ alẹ́, n óo gbé oògùn sọ́wọ́, n óo ka Sáàmù 103:1-5, n óo sì mu ún pẹ̀lú ìdúpẹ́." Tí nǹkan bá fẹ́ yí padà, dókítà ni kó yí i.

Dìákónì_Arówómọ́lẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ Sáàmù ńkọ́? Àwọn kan ń ka Sáàmù 109 láago méjìlá òru, lẹ́ẹ̀meje, lórí omi, nítorí ọ̀tá. Ṣé àṣàrò nìyẹn?

Katikísì_Ọ̀yọ́

Bàbá, iye ìgbà, omi àti aago méjìlá, kò sí ọ̀kankan nínú Sáàmù náà. Ẹni tó bá gbé agbára lé iye ìgbà ti sọ àdúrà di ọfọ̀, Mátíù 6:7 sì ti kìlọ̀ fún wa nípa àwọn tó rò pé a óo gbọ́ ti àwọn nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ Sáàmù náà nù. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi nílò ibi tí yóò ti kígbe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò gbé idà. Ó kó gbogbo ìbínú rẹ̀ lọ sí kóòtù Ọlọ́run, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe lè gbà á rèé. Sọ ohun tí ẹni náà ṣe fún Ọlọ́run láìbò ó: iye owó àjọ tó gbé sá lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àwọn èèyàn. Bẹ̀bẹ̀ fún ìdájọ́ òdodo. Lẹ́yìn náà ka Róòmù 12:19-21, kí o sì béèrè ohun kékeré kan tí ẹsẹ 20 ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, bóyá kí o dá a lóhùn tó bá kí ọ ní ẹnu ọ̀nà agboolé. Tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ló ṣe é, Sáàmù 55 bá a mu ju 109 lọ; ẹ wo ẹsẹ 12 sí 14, àti 22, "Kó ẹrù rẹ lọ sí ara Olúwa."

Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni fífi orúkọ ẹni tí kò sí ẹ̀rí kankan lòdì sí sínú àdúrà náà, ìyá ọkọ tàbí orogún, nítorí àlá. Ẹlẹ́rìí èké nìyẹn níwájú Ọlọ́run. Èkejì ni kí a sọ fún obìnrin tí ọkọ ń lù pé kó jókòó, kó máa ka Sáàmù. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀, Dáfídì yẹra, ó sì sá lọ ní òru náà, 1 Sámúẹ́lì 19:10. Ẹni tó kọ́ wa ní Sáàmù mọ ìgbà tó yẹ ká kúrò nílé. Kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí àwọn aláṣẹ, kó máa gbàdúrà lọ́nà.

Dìákónì_Arówómọ́lẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. N óo kó eléyìí lọ sí ìpàdé àwọn àgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n Akẹ̀sán, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹsẹ náà bá jẹ́ ìwà ńkọ́? Bí èso Ẹ̀mí ní Gálátíà 5:22-23. Ìwà mẹ́sàn-án! Ibo ni èèyàn á ti mú un?

Ará_Akẹ̀sán

Mú ọ̀kan. Mo fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn, nítorí Yorùbá rẹ̀ dùn: ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ ìjánu dáadáa, ẹṣin la fi ń jagun láyé àtijọ́. Irin kékeré ni, inú ẹnu ẹṣin ló wà, okùn tó wà lára rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Kì í pa agbára ẹṣin, ó kàn ń sọ ibi tí agbára náà máa gbà. (Àwòrán ìjánu yìí, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ló fún wa, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò ń sọ nípa níní agbára lórí ara ẹni. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 3:3 lo ìjánu gan-an fún ahọ́n, nítorí náà a ò ṣìnà.)

Wá ibi tí ẹṣin tìrẹ ti ń sáré já okùn. Ẹlòmíràn, ìdí fóònù ni, láago mọ́kànlá òru. Ẹlòmíràn, ẹnu ni, nígbà tí ọmọ bá mú èsì ìdánwò tí kò dára wálé. Fún òbí yẹn, Jákọ́bù 1:19 ló kàn: kí ó yára láti gbọ́, kí ó lọ́ra láti fọhùn, kí ó lọ́ra láti bínú. Ohun mẹ́ta nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni kó mú ní ọ̀sẹ̀ kan. "Tí ọmọ bá mú èsì wálé ní Fúráìdé, n óo jókòó, n óo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, n óo bi í ní ìbéèrè kan kí n tó sọ gbólóhùn kankan." Àdúrà rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó lè sọ sínú nígbà tí ọmọ ń ṣílẹ̀kùn: "Olúwa, di ìjánu mú."

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwà kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a mọ Bíbélì: a ń kà á fún ẹlòmíràn. Bí a bá ti kan ẹsẹ ahọ́n, ìyàwó la rántí. Bí a bá kan ti ọ̀lẹ, àbúrò. Tí orúkọ ẹlòmíràn bá sọ sí ọ lọ́kàn nígbà tí o ń ṣe àṣàrò, gbàdúrà fún un ní gbólóhùn kan, kí o padà síbi ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Ìyá_Ìbejì_Owódé

Ẹ jọ̀ọ́ o, ogún ìṣẹ́jú kò sí níbi tí ìbejì wà. Kí ni ká ṣe?

Olùkọ́_Ọjọ́Ìsinmi

Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá ìbejì, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ẹ fi í sí ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí fóònù kà á sókè nígbà tí ẹ bá ń ro àmàlà. Àwọn Bíbélì Yorùbá alóhùn wà tí kò ná èèyàn lówó. Ẹ kọ ẹsẹ kan sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń fọ aṣọ ọmọ, ìyẹn ni ẹ máa kùn lẹ́nu. Ìlà yín náà á kéré sí i.

Ní ti iye, ìwé Jákọ́bù jẹ́ ẹsẹ 108. Tí ẹ bá ń ka ẹsẹ mẹ́rin lójoojúmọ́, ọjọ́ 27 ló máa gbà. Sáàmù 119 ní ẹsẹ 176, wọ́n sì ti pín in sí ìsọ̀rí 22 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ mẹ́jọ. Ìwé Òwe ní orí 31, orí kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Tí ọjọ́ méjì bá fò yín, ẹ má ka ti ọjọ́ mẹ́ta pa pọ̀ láti san gbèsè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé. Gbèsè kíkà ló ń mú kí ọ̀pọ̀ pa Bíbélì dé ní oṣù Fẹ́búárì.

Ẹ máa kà á sókè o, kódà ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nínú Bíbélì àtijọ́ tí àmì ohùn kò pé lórí ọ̀rọ̀, ẹnu nìkan ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ìgbà ni àbí igbá. Iṣẹ́ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni. Ìwé Róòmù ti jáde ní 1850, odidi Bíbélì sì parí ní 1884. Àwọn ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ti di àgbà. Tí kò bá yé yín, ẹ gbé ìtumọ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Onígàrí_Tàkíé

Mo ti kọ ìlà tèmi: "Lọ́la, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn oníbàárà tó dé, n óo fi omi wọn kóńgò méjèèjì, n óo sì ra tuntun tó bá yẹ bẹ́ẹ̀." Ṣé ó dáa?

Olùkọ́_Ọjọ́Ìsinmi

Ó dáa, màmá, ó ku díẹ̀. "Tó bá yẹ bẹ́ẹ̀" yẹn, ẹ yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn á gbà sá lọ. Ẹ kọ ọ́ pé: "tí omi bá ṣẹ́kù, n kò ní fi ti àtijọ́ wọn gàrí kankan lọ́la, n óo yá ọ̀kan tó pé lọ́wọ́ aládùúgbò títí n óo fi ra tuntun." Ẹ gbé omi lọ láti ilé, nítorí omi lè ṣòro rí lọ́jà láàárọ̀, kí ẹ sì nu kóńgò náà gbẹ dáadáa kí gàrí má baà dì.

Onígàrí_Tàkíé

Mo ti yọ ọ́. Mo ti bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, ìwé wo ló kàn?

Katikísì_Ọ̀yọ́

Fílémónì, màmá. Ojú ewé kan ni, ẹsẹ 25 péré. Ní ẹsẹ 18, Pọ́ọ̀lù ní tí Ónésímù ẹrú bá jẹ Fílémónì ọ̀gá rẹ̀ ní gbèsè, kó kà á sí òun lọ́rùn. Ẹ mú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà yín dání nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á.